Yíyan Ohun Ìṣeré Tí Ọmọ Ajá Yóò Máa Rún: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

A kọ ìwé yìí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ ajá wọlé, ì báà ṣe ajá ìbílẹ̀ tí ará àdúgbò fi ta á lọ́rẹ, ì báà sì ṣe ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Boerboel tí ó fi owó ńlá rà láti máa ṣọ́ oko adìẹ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé sálúbàtà ti ku ẹsẹ̀ kan, pé ojú eyín ti kún ara ẹsẹ̀ àga, àti pé aṣọ tí a sá sórí okùn ti fàya. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ebi ló ń pa ajá náà tàbí pé ìwà burúkú ni, wọn a sì mú pàṣán. Eyín ló ń dà á láàmú.

Eyín 28 ni ọmọ ajá máa ń kọ́kọ́ hù, láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Bó bá ti ń lọ sí oṣù 4, eyín wọ̀nyí yóò máa ká lọ́kọ̀ọ̀kan, eyín àgbà 42 yóò sì máa hù dípò wọn, títí di oṣù 6 tàbí 7 tí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹran ìdí eyín rẹ̀ a máa wú, a sì máa ro ó. Rírún nǹkan ló ń bá a dín ìnira náà kù. Bí ẹ bá rí eyín kékeré bí hóró ìrẹsì nílẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ohun tó ń rún, ẹ má fòyà. A kò lè ní kó má rún nǹkan. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ ni láti bá a yan ohun tí yóò rún.

Bó ṣe yẹ kó le tó

Eegun ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn, torí láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń ju eegun fún ajá. Síbẹ̀, eegun tí a ti sè tàbí tí a ti yan ti gbẹ. Bí ajá bá fọ́ ọ, a là sí wẹ́wẹ́, èyí tó mú ṣóńṣó nínú rẹ̀ a sì lè gún un lọ́fun tàbí ní ìfun. Ti adìẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Eegun ẹsẹ̀ màlúù kì í tètè là, ṣùgbọ́n òun náà léwu lọ́nà tirẹ̀. Eyín ńlá tó wà lókè lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí ajá fi ń gé ẹran, ló sábà máa ń là nígbà tí ajá bá ń bá eegun, ìwo tàbí pátákò màlúù jà. Eyín àgbà tó bá là kò tún ní hù mọ́. Kòkòrò a gba ojú rẹ̀ wọlé, ìdí rẹ̀ a dá ọyún, abẹ́ ojú ajá náà a sì wú.

Èékánná àtàǹpàkò yín ni òṣùwọ̀n. Kí ẹ tó san owó ohunkóhun, ẹ tẹ èékánná mọ́ ọn lára dáadáa. Bí ojú èékánná bá hàn díẹ̀, tó sì rọra padà sí bó ṣe wà, ọmọ ajá lè rún un. Bí èékánná bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí a tẹ òkúta, ẹ dá a padà fún olójà. Bí èérún bá sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, ó ti rọ̀ jù, nítorí inú ajá ni èérún yẹn ń lọ.

Bó ṣe yẹ kó tóbi tó

Ohun ìṣeré kò gbọdọ̀ lè wọ ẹnu ajá tán. Bí ajá bá ti gbá a mú débi eyín ẹ̀yìn pátápátá, apá kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì yọ síta. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ọmọ ajá ń dàgbà kíákíá: bọ́ọ̀lù tó kún ẹnu Boerboel ọlọ́sẹ̀ 8 lè há a lọ́fun kó tó pé oṣù 5, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bọ́ọ̀lù oníhò kan ṣoṣo náà kò dára, torí bí ahọ́n bá wọ inú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà mìíràn gbà wọlé, bọ́ọ̀lù yóò fa ahọ́n mú, ahọ́n yóò sì wú sínú rẹ̀. Oníhò méjì ni kí ẹ máa wá.

Ohun tó wà nílẹ̀ káàkiri ilé

Ní tèmi, ohun tí a kò rà ló ń pa ọmọ ajá ju èyí tí a rà lọ. Ní àsìkò àgbàdo tútù ọdún kan, ọmọ ajá kan nílé wa bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A rò pé aràn ni, a fún un ní oògùn aràn, a sì fi ọjọ́ méjì ṣòfò kí a tó gbé e lọ bá dókítà ẹran. Nígbà tí wọ́n là á nínú, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n bá ní ìfun rẹ̀, ègé kan tí kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Ṣùkù kì í dà nínú ajá, bẹ́ẹ̀ náà ni kóró máńgòrò. Ẹ gbá wọn mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì fi ọmọrí dé ibi tí ẹ dà wọ́n sí.

Okùn àti òwú ní ewu tiwọn. Bí ẹ bá ti fa okùn kẹ̀ǹbẹ̀ rí, ẹ mọ bí aṣọ ṣe ń sún jọ sórí okùn náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìfun ṣe ń sún jọ sórí òwú tí apá kan rẹ̀ há sókè, títí òwú náà yóò fi gé ìfun. Táyà àtijọ́ tí àwọn kan máa ń gé fún ajá ní wáyà irin nínú. Bátìrì rìmóòtù, ọ̀rá omi, àti igi tí a kun ní ọ̀dà àtijọ́ kò gbọdọ̀ sí lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀. Ẹ má sì fún un ní ògbólógbòó bàtà, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Ohun tí a lè fún un

Rọ́bà tó nípọn, tó ní ihò nínú, ni mo fẹ́ràn jù. Ní Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1979, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joe Markham rí i pé òkúta ni ajá rẹ̀ ń rún; rọ́bà kan tó tú lára ọkọ̀ Volkswagen ni ajá náà fi òkúta sílẹ̀ fún, ibẹ̀ ni rọ́bà tí wọ́n ń pè ní Kong sì ti wá. Wọ́n ń ṣe èyí tó rọ̀ fún ọmọ ajá lọ́tọ̀, ẹ má sì gba ti ajá àgbà tí olójà bá ní òun ló kù. Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ fi aṣọ funfun tí a rẹ sómi nù ún. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá bá aṣọ lọ, ẹ má rà á. Ẹ lè ki ẹ̀kọ tútù tí a fi ẹja tí kò ní eegun pò sínú ihò rẹ̀, láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà, kí ẹ sì gbé e sínú fíríísà di ọjọ́ kejì. Òtútù náà ń mú kí ìdí eyín rọlẹ̀.

Ẹni tí owó rọ́bà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè lo ṣòkòtò jíǹsì tó ti gbó. Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta tó gùn ju apá lọ, ẹ yọ bọ́tìnì àti síìpù kúrò, ẹ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni ń di irun, kí ẹ sì ta kókó líle sí orí àti ìdí rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún omi ara rẹ̀ dànù, ẹ fi í sí fíríísà fún wákàtí mélòó kan. Ojú yín ni kó ti máa rún un. Bí òwú bá ti ń yọ lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ ṣe òmíràn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ìka wọn ṣe ohun ìṣeré fún un. Àrùn dìgbòlugi ṣì wà láàárín wa. Bí ọmọ ajá bá bu ènìyàn jẹ tí awọ sì bó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí ajá bá pé oṣù 3, ó yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Bí ó bá gbé nǹkan mì

Ọmọ ajá tó ń bì léraléra, tó kọ oúnjẹ, tí inú rẹ̀ le tàbí tí kò yàgbẹ́, kò gbọdọ̀ sun ilé di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí òwú tó rọ̀ jáde ní ihò ìdí rẹ̀, ẹ má fà á rárá. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran, kí ẹ sì mú ìyókù ohun tó rún náà dání, kí dókítà lè mọ bí èyí tó wà nínú rẹ̀ ṣe tóbi tó.