₦4,000 tó gba oorun lójú mi ní Kabba

Ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà Kabba ló yá ₦50,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, tó ń san ₦6,000 lóṣooṣù. Nígbà tó san ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, akápò ò ní ṣéńjì, ó ní kí màmá jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. Ni ètò kọ̀ǹpútà tí mo ṣe fún wọn bá kọ ọ́ síwájú orúkọ màmá pé: “Gbèsè: -4,000. Kò tíì san tán.” Wọn ò yá a lówó míì, wọ́n sì di ìyókù owó iṣẹ́ mi mú. Ogójì tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn kóòdù kéékèèké tó ń yẹ ètò wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ni mo fọwọ́ ara mi kọ o, gbogbo wọn ló yege!

Inú bí mi, mo ní n ò fọwọ́ kọ tẹ́ẹ̀sì mọ́. Mo gbé GraphWalker, irinṣẹ́ tó ń ti inú àwòrán ṣe tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀. Ìwọ á ya àwọn ipò tí nǹkan lè wà, wàá fa ọfà láti ọ̀kan sí èkejì, òun á máa rìn ín. Ọ̀nà tó bá gbà ló ń di tẹ́ẹ̀sì. Tèmi: ó béèrè, wọ́n fọwọ́ sí i, ó ń san, ó san tán, ó tún padà lọ béèrè. Mo kọ random(edge_coverage(100)), ìyẹn ni pé kó máa rìn gbéregbère títí yóò fi gba orí gbogbo ọfà kọjá. Bí mo ṣe so ó mọ́ kóòdù, ẹni tó gbọ́ Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mọ ìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀, kò parí. “Ó ń san, ó ń san, ó ń san.” Mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ló ti gbó. Mo ra dátà, mo tún Java gbé sórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná lọ, mo rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Lítà mẹ́rin jó mọ́jú, ó ṣì ń san! Lọ́jọ́ kejì ni mo tó ní kó máa tẹ gbèsè jáde bó ṣe ń rìn: 8,000, 2,000, -4,000, -10,000... Ara mi bù máṣọ. -4,000 màmá nìyẹn! Lórí ọfà “ó san tán”, èmi náà ni mo kọ gbese == 0 síbẹ̀, pé àfi tí gbèsè bá jẹ́ òdo gẹ́lẹ́ ló tó lè gba ibẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú kóòdù gẹ́lẹ́. Orí tó kọ kóòdù náà ló ya àwòrán.

Mo sọ ọ́ di gbese <= 0, òdo tàbí kó dín sí òdo, nínú àwòrán nìkan. Kíá ló rìn dé “ó san tán”, kóòdù mi ní kò tíì san tán, tẹ́ẹ̀sì pupa, ìyẹn ni pé ó kùnà! Inú mi dùn, ojú sì tì mí.

Bí mo bá tún máa ṣe é, iwájú akápò ni màá ti ya àwòrán. Ìgbà tí mo pàpà fi hàn án, kò wò ó tó ìṣẹ́jú méjì: “Àbúrò, ọ̀kun o. Ọfà ẹni tó san lé ńkọ́?”

Màmá ti gba owó tuntun. Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ò tíì jókòó.