Bí Mo Ṣe Wọn Irin Inú Arcturus, àti Fáìlì Tó Jẹ Mí Ní Dátà

Owó dátà tó bá iṣẹ́ yìí lọ ṣì ń dùn mí, torí pé ẹni tó gbé fáìlì ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí mo lò síta ló kọ̀ tí kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i.

Mo fẹ́ mọ bí irin ṣe pọ̀ tó nínú Arcturus, ìràwọ̀ pupa rúsúrúsú tó máa ń tàn gan-an lókè Ilé-Ifẹ̀ lálẹ́ oṣù karùn-ún bí ojú ọ̀run bá mọ́. Tí a bá la ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ á pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìràwọ̀ ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mì: irin ní ìlà tirẹ̀, sódíọ̀mù ní tirẹ̀. Mo gba fáìlì náà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Lágéré ní Ifẹ̀, mo ya gíráàfù rẹ̀. Ìyẹn ò le.

Ìgbà tí mo gbé àkójọ tó sọ ibi tó yẹ kí ìlà kọ̀ọ̀kan wà tì í ni wàhálà dé. Ìkankan ò bọ́ sáyè rẹ̀. Ìlà háídírójìn tó yẹ kó wà ní 6562.8 angstrom (ìwọ̀n tí a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) lọ jókòó sí 6564.5, àwọn yòókù náà sì sún bẹ́ẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń sá fún wa, ìlà rẹ̀ máa ń sún sí nọ́ńbà tó ga sí i. Tó bá jẹ́ sísá ìràwọ̀ ló fà á, a jẹ́ pé Arcturus ń fi nǹkan bíi kìlómítà 78 sá fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Irọ́ gbuu! Ńṣe ni Arcturus ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ní nǹkan bíi kìlómítà 5. Mo tún fáìlì gbà, dátà tún lọ. Wọ́n mú iná, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí àdúgbò Mayfair ní Ifẹ̀ níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Fáìlì yẹn náà ni, kò yí padà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ka físíìsì ló wò ó, wọ́n ní: "Àbúrò, nọ́ńbà yìí, ṣé ti inú afẹ́fẹ́ ni àbí ti òfìfo?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe! Ìmọ́lẹ̀ máa ń falẹ̀ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìgbì rẹ̀ á sì kúrú díẹ̀ ju ti òfìfo lọ, ìyẹn ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Ti inú afẹ́fẹ́ ni àkójọ mi, ti òfìfo ni fáìlì wọn, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan.

Mo fi 1.00028, ìyẹn iye tí ìgbì òfìfo fi gùn ju ti afẹ́fẹ́ lọ, pín gbogbo nọ́ńbà inú fáìlì náà, ìlà irin bá wọlé ṣinṣin. Mo wọn ìmọ́lẹ̀ tí ìlà kọ̀ọ̀kan gbé mì. Mo fi àwọn tó jìn wọlẹ̀ jù lórí gíráàfù sílẹ̀, torí tí ìlà bá ti jìn dé àyè kan, bí irin tún lé sí i, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀ mọ́. Mo fi ìgbóná ojú Arcturus, bíi 4,290 kelvin (ìwọ̀n ìgbóná), ṣe ìṣirò náà. Irin Arcturus já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti inú Oòrùn, ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ náà ń rí gan-an nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n lóru.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó kọ́kọ́ wo ìlà sódíọ̀mù méjèèjì kó tó wọn ohunkóhun. Tí wọ́n bá wà nítòsí 5890 àti 5896, ti afẹ́fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ìtòsí 5891.6 àti 5897.6 ni, tí a sì mọ̀ pé ìràwọ̀ náà kì í sáré púpọ̀, ti òfìfo ni. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni fáìlì náà pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.