Bí mo ṣe pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀yìn Hilux mi ní Ọ̀fà

Gíláàsì ni gbogbo ènìyàn ń bá mi sọ. "Ṣé ẹ ti rí gíláàsì rà? Èló ni wọ́n pè é?" Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rọ́bà, bẹ́ẹ̀ rọ́bà àti etí irin tó ń dì mú ni iṣẹ́ wà. Àwọn méjèèjì ló máa pinnu bóyá omi òjò á wọlé tàbí kò ní wọlé. Bí ẹ bá ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe tèmi.

Hilux onílẹ̀kùn méjì ni, ti àsìkò tí rọ́bà ṣì ń di gíláàsì ẹ̀yìn mú. Mo fi ń kó oúnjẹ adìyẹ láti Ìlọrin wá sí Ọ̀fà. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òkúta ta láti ẹnu ẹ̀rọ, ó sì bá gíláàsì ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ dà wóówóó sórí ìjókòó, kò sí ẹ̀rún kan tó ju èékánná lọ. Ẹnu ya ẹni tó ń gé koríko pé òkúta tí kò tó ẹ̀pà lè ṣe irú ìyẹn. Kò yà mí lẹ́nu. Gíláàsì ẹ̀yìn kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti iwájú. Ti iwájú, gíláàsì pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ pọ̀ láàárín. Bí òkúta bá bà á, á sán, ṣùgbọ́n kò ní dà sílẹ̀. Ti ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́, inú iná tó ju 600°C lọ ni wọ́n ti ń yan án, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójijì. Ara rẹ̀ á kọ́kọ́ tutù, á sì le. Nígbà tí inú náà bá wá ń tutù, á fẹ́ sún kì, ṣùgbọ́n ara ti le, kò ní gbà fún un. Báyìí ni inú àti ara á ṣe máa fa ara wọn níwọ̀n ìgbà tí gíláàsì náà bá wà láyé. Ohun tó jẹ́ kó lágbára ju gíláàsì lásán lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan mímú bá gún ara rẹ̀ kọjá, gbogbo agbára tó há sínú á tú lẹ́ẹ̀kan náà, á fọ́ wẹ́wẹ́. Wíwẹ́ yẹn sì dára fún wa, torí kò ní eyín gígùn tó lè gún awakọ̀ lọ́rùn.

Èyí ló fà á tí mi ò fi dá ẹni tó ń gé gíláàsì fèrèsé ilé ládùúgbò wa lóhùn. Ó ní kí n mú ìwọ̀n wá, òun á gé e fún mi kó tó di ìrọ̀lẹ́, owó tó pè sì wọ̀ mí lójú. Gíláàsì tí wọ́n ti yan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gé mọ́. Bí abẹ bá ti kàn án, ó tán. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á gé ti ẹ̀yìn ọkọ̀ fún yín, gíláàsì lásán ló fẹ́ gé. Bí ìyẹn bá fọ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀bẹ ló máa dà, ẹ̀yìn orí yín ló sì wà. Àwọn mìíràn ń fi Perspex, ọ̀rá líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, dí i. Fún ọkọ̀ tí kò jáde kúrò ní oko, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ pupa tiwa níbí, bí ẹ bá ti nu ún lórí Perspex fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ á ha. Èmi máa ń wa ọkọ̀ lóru ní ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, tírélà á sì tan iná gàgàrà sí mi lẹ́yìn. Ojú Perspex tó ti ha, gbogbo iná yẹn á fọ́n ká, mi ò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan ló ń bọ̀ tàbí mẹ́ta.

Kí n tó sọ ti rírà, gbígbá wà níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ awọ ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú bàtà tó bo ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi aṣọ dí ojú ihò tí AC ń gbà fẹ́ jáde lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, torí ẹ̀rún tó bá bọ́ síbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá tan AC ni yóò fẹ́ sí yín lójú. Lẹ́yìn náà mo tú ìjókòó pẹ̀lú sípánà 14. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tú u, wọ́n á kàn na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ẹ̀yìn ìjókòó gan-an ni ẹ̀rún pọ̀ sí jù, níbi tí jáàkì ń gbé, àti nínú irin tí ìjókòó ń gùn lọ sí iwájú. Ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán pátápátá, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa; ẹ̀rún tó bá kù lára rẹ̀ á máa jẹ òwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo.

Mo fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn àti téèpù dí ojú ihò náà. Erùpẹ̀ àti òjò nìkan kọ́ ni mo ń sá fún. Bí píkọ́ọ̀pù bá ń sáré, atẹ́gùn tó gba orí rẹ̀ kọjá máa ń yí padà lẹ́yìn orí ọkọ̀, ó sì máa ń gbé èéfín sàlẹ́ńsà wọlé láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín yẹn, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Kí ẹ tó mọ̀, orí á máa fọ́ yín, òòyì á máa kọ́ yín. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ wà á kí ẹ tó rí gíláàsì, ẹ dí ẹ̀yìn, kí ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́.

Ìlọrin ni mo ti rí gíláàsì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì tòkúnbọ̀ ní Táíwò. Kí n tó kúrò nílé, mo gé páálí kan tó bá ojú ihò náà mu rẹ́gí, mo sì ká rọ́bà àtijọ́ náà sínú àpò. Alájì tí mo bá ní ìsọ̀ bi mí pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ ọdún wo ni?" Mo sọ ọdún, ṣùgbọ́n mo ní kó jẹ́ ká fi páálí wọ̀n ọ́n. Ara Hilux yí padà ní 1997, ó tún yí padà ní 2004, àtijọ́ àti tuntun sì máa ń jọ wà ní ọjà fún ìgbà díẹ̀ nígbà ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ọdún inú ìwé ọkọ̀ lè ṣì yín lọ́nà, páálí kì í ṣi ni lọ́nà. Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde fi nǹkan bí ìka kan gùn ju páálí lọ. Alájì ní, "Á wọlé, rọ́bà á fà." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi wá òmíràn.

Igun ìsàlẹ̀ gíláàsì ni wọ́n máa ń tẹ àmì sí. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà TEMPERED níbẹ̀, tàbí lẹ́tà E nínú òbìrí pẹ̀lú 43R nítòsí rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí àmì kankan, ẹ gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká, jẹ́jẹ́. Etí ni àìlera irú gíláàsì yìí wà. Èyí tí etí rẹ̀ bá ti ṣán, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má rà á, torí ọjọ́ tí ẹ bá ń tì í wọ inú rọ́bà ló máa fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Owó tí a jọ pa kò tó ìdajì tuntun. Mo gbé e sílé lóòró, láàárín àpò oúnjẹ adìyẹ méjì, mo sì fi aṣọ àtijọ́ wé etí rẹ̀ kó má baà kan irin. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nínú píkọ́ọ̀pù, gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ló máa bá a pín in.

Alájì fi rọ́bà tó wà lára gíláàsì náà ṣe èènì fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbà á, ṣùgbọ́n mo ra tuntun. Rọ́bà tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí ẹ tẹ̀: ẹ ó rí i tó là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò ní rọ̀ mọ́ irin mọ́, omi á sì máa gba ibi lílà yẹn wọlé. Rọ́bà yìí ní ihò gígùn méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn yíká: ọ̀kan á gba gíláàsì, ìkejì á gba etí irin ara ọkọ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín, tí igun rẹ̀ ti tẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń gé tà lójú ọ̀pá, igun ló máa fi hàn yín.

Bàbá tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ọjà Owódé ló bá mi wo etí irin. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún lókè, ó mi orí. Ó ti dípẹtà lábẹ́ rọ́bà àtijọ́, ojú ò sì rí i tẹ́lẹ̀. A fi wáyà bírọ́ọ̀ṣì ha á, a fi sáńpépà yọ ọ́ títí irin fi funfun, Bàbá sì fi òlù kékeré tẹ́ ibì kan tó ti wọnú. A kun ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà, ó gbẹ, a wá kun ọ̀dà ọkọ̀ lé e. Níbí ni sùúrù ti ń tán nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ọ̀dà ò bá tíì gbẹ dénú tí ẹ fi rọ́bà sí i, yóò ṣí kúrò pẹ̀lú rọ́bà, ìpẹtà á sì padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ jó irin kankan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ìgbà yìí ni kí ẹ ṣe é. Èmi ní kí wọ́n jó gáàdì mọ́ ẹ̀yìn orí ọkọ̀, kí ẹrù má baà ta lu gíláàsì. Iná tó ń ta láti ara irin tí wọ́n ń jó máa ń jó ojú gíláàsì tóótòòtó, ìyẹn kì í sì í lọ mọ́.

Ó ku fífi sí i. Ọ̀sán gangan la ṣe é. Mo ti sá rọ́bà sóòrùn kó rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é láàárọ̀ ọyẹ́, á rí i bí rọ́bà ṣe ń le koko. A tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, a gbé gíláàsì lé e, a sì fi rọ́bà wọ̀ ọ́ yíká. Lẹ́yìn náà mo mú okùn ọ̀rá tó ń dán, tó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà ìdajì, mo tẹ̀ ẹ́ wọ ihò kejì, èyí tí irin máa wọ̀, yíká gbogbo rẹ̀. Orí okùn méjèèjì pàdé láàárín ìsàlẹ̀, wọ́n fi bí ìka ọwọ́ mẹ́rin kọjá ara wọn, mo sì fi téèpù lẹ ìyókù mọ́ inú gíláàsì. Ọṣẹ olómi la fi pa etí irin àti ihò rọ́bà. Mẹ́káníìkì kan tó ń kọjá ní ká fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì á máa jẹ rọ́bà, á wú, á sì rọ̀ jẹ̀ẹ̀jẹ̀ẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi wà lẹ́yìn nínú píkọ́ọ̀pù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì mọ́ra. Èmi wà nínú. Mo di orí okùn kan mú, mo ń fà á lọ sí àárín gíláàsì díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ṣe ń jáde, ètè rọ́bà á ṣí, á fò kọjá etí irin sínú. Ibi tí mo bá ń fà ni òun náà gbọ́dọ̀ máa tì. Ìsàlẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ náà ò burú. Igun òkè apá òsì ni ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ dúró ná, kò tíì wọlé!" "Tì í sókè díẹ̀!" "Mo ń tì í!" Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà; lọ́jọ́ yẹn rọ́bà náà ṣe bí ọmọ bíbí ìlú. Bàbá ló gbà wá. Ó ní ká tún da ọṣẹ sí i, kí n dá okùn padà díẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì lókè, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, títí ó fi jókòó. Ibi tí ètè rọ́bà ti ká sínú, ìdí ṣíbí onírọ́bà ni mo fi yọ ọ́ jáde. Síkúrúdíráífà ò gbọdọ̀ dé itòsí rẹ̀ rárá, torí ibi tí irin rẹ̀ bá ti kan etí gíláàsì, a tún padà sí Táíwò nìyẹn.

A da omi sí i láti òkè, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, bí òjò ṣe máa ń rọ̀ ni. Àbúrò wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omi díẹ̀ yọ ní igun òkè tó fún wa ní wàhálà yẹn. Mo nu ún gbẹ, mo gbé ètè rọ́bà sókè lóde, mo fún gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n ń lò fún gíláàsì ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀, a tún da omi, kò yọ mọ́. Gọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú tó ń ta kíkan símú, ẹ má fi sí i. Ásíìdì tó wà nínú rẹ̀ á jẹ irin, ìpẹtà tí Bàbá ha kúrò á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle lẹ gíláàsì rẹ̀ mọ́ irin, tí kò ní rọ́bà olójú méjì, gbogbo ọ̀rọ̀ okùn yìí ò kàn yín. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe é níṣẹ́. Gígé gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò ní ọgbọ́n tirẹ̀, ọkọ̀ ò sì gbọdọ̀ kúrò lójú kan kí gọ́ọ̀mù tuntun tó mú.

Mo dá ìjókòó padà, mo san owó Bàbá. Rọ́bà èènì Alájì kò ṣòfò: mo gé e, mo sì fi wé ọ̀pá gáàdì níbi tí àpò oúnjẹ adìyẹ ti ń fara kàn án.