Gbàǹjo owó àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ta ló ń gbé iye ọjà sókè?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Adéwọlé, níbí ní Ìlọrin, ni mò ń gbé. Mo díye lé ọ̀nínì 1936 kan, owó ẹyọ kékeré ìgbà ìjọba Òyìnbó, ₦8,000 ni mo sì kọ pé agbára mi mọ. Orúkọ kan tí mi ò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀díẹ̀ lé e, títí ó fi kọjá mi. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ọjà ní onítọ̀hún ò sanwó, kí n wá mú un ní ₦8,000. Ṣé kí n mú un?

Ìdáhùn: Má mú un níye yẹn, àbúrò mi. Níbi gbàǹjo bíi ti eBay, ẹ̀rọ ló ń bá ọ díye. Ìwọ̀nba tó máa fi borí ẹni tó tẹ̀ lé ọ ló máa ń fi kún un, ìyókù owó rẹ á wà ní ìpamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó rẹ mọ á wá máa fi ₦500, ₦500 wá a kiri. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń tajà fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. eBay ka irú ẹ̀ léèwọ̀. Lójú tèmi, olè ni.

Ṣí àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n dá. Ṣé àkáǹtì tuntun ni? Ṣé ọjà ẹni kan ṣoṣo yìí ló máa ń díye lé? Ṣé bó ṣe kọjá rẹ báyìí ló dákẹ́? Ọ̀kan nínú wọn kò tó ẹ̀rí, ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, yọ orúkọ náà kúrò kí o tún un ṣírò. Bí ẹni tó tẹ̀ lé ọ gan-an bá dúró sí ₦3,000, tó sì jẹ́ ₦500 ni wọ́n ń fi lé e, ₦3,500 lowó ọjà yẹn. Iye yẹn ni kí o sọ fún ẹni tó ni ọjà, kí o sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ojúlé gbàǹjo náà.

Ohun kan tún wà. Ọ̀nínì oníhò láàárín tó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tó gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1936 yẹn náà, ó pọ̀ nílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ní kò sí irú ẹ̀ mọ́, irọ́ ló ń pa.

Ìbéèrè: Ní gúrúùpù WhatsApp wa ní Ọ̀fà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ la máa ń pa gbàǹjo. Àwọn tí nẹ́tíwọ̀kì wọn ò dáa ní a ń rẹ́ àwọn jẹ.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iye tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ ní 8:59 lè má dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì títí di 9:02. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá díye ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn, ẹ ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un, títí kò fi ní sẹ́ni tó tún díye mọ́. Fóònù admin kan ni kẹ́ ẹ máa fi ṣẹ̀rí, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń tajà lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹni tó ń tajà sì ti sọ iye tó kéré jù tó lè gbà ṣáájú.

Ìbéèrè: Ṣé kí n sanwó kí n tó rí ọjà?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ pàdé níbi tí èrò wà, kó o yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan gbé ère òkúta wá, ó ní láti Ẹ̀sìẹ́ ni.

Ìdáhùn: Má fi kọ́bọ̀ lé e. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà ní Ẹ̀sìẹ́ láti 1945 nítorí àwọn ère yẹn, ohun ìní gbogbo wa ni wọ́n. Ya àwòrán ohun tó kọ síbẹ̀, kí o fi han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà.