Ìṣirò òwú Bt tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní kí n wò ó bóyá owó wà nínú òwú Bt, òwú tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe kó lè máa pa ìdin, tí ìjọba fọwọ́ sí fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 2018. Ó ní, "Má sọ gírámà fún mi o. Èló ni mo máa ná, èló ni mo máa rí?"

Mo fa ìlà sí àárín ìwé. Owó tó ń jáde ni mo kọ́kọ́ kọ: ìrúgbìn, katakata, oògùn kòkòrò, lébìrà tó máa fọ́n ọn, àwọn tó máa já òwú. Ibi oògùn ni èrè wà. Àbùdá bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bt ni wọ́n fi sínú òwú náà. Ìdin tó ń gbẹ́ èso òwú bá jẹ ẹ́, ó kú nìyẹn. Àwọn kòkòrò tó ń fa omi ewé kò kú ní tiwọn, torí náà oògùn kò tán pátápátá. Ní Burkina Faso, tí àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín ní 2008, ìfọ́n oògùn já wálẹ̀ láti bí ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀mejì, irè sì pọ̀ sí i.

Owó tó ń wọlé ló gba ìrònú. Nínú 100 kílò òwú tí a já, fọ́nrán rẹ̀ kì í sábà ju 40 kílò lọ; kóró ló kó ìyókù. Mo já èso kan lára igi òwú ẹ̀yìnkùlé wa, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fa fọ́nrán rẹ̀ títí ó fi tò gbọọrọ, mo wá tẹ́ ẹ sórí rúlà. Gígùn yẹn wà lára ohun tí olùrà ń wò kó tó dá iye lé e. Fọ́nrán òwú Bt ti Burkina kúrú díẹ̀ ju ti òwú wọn tẹ́lẹ̀ lọ, iye rẹ̀ sì já lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di 2016, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra òwú ti pa á tì, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ ṣì fẹ́ ẹ.

Mo wá kọ ti Íńdíà sí i. Ìrúgbìn àmúlùmálà, tí wọ́n fi oríṣi òwú méjì bí, ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ láti 2002, ọdọọdún ni àgbẹ̀ ń rà á. Ìdin aláwọ̀ pupa-rẹ́sú-rẹ́sú kan sì ti ń jẹ ẹ́ láìkú báyìí, oògùn fífọ́n ti padà dé.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé náà, ó ní mo gbàgbé owó ọkọ̀. Òótọ́ ni, òkè Ọya bíi Funtua ni ilé iṣẹ́ tó ń yọ kóró òwú pọ̀ sí. A fi kún un, owó ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè oògùn tán. Ó ní kí n fi ìlà kan náà bá òun ṣírò sóyà.