"Ìta Ló Ń Sùn Tẹ́lẹ̀": Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Kó Àga Faràńdà Lọ Sílé Tuntun

Ẹ dúró ti ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ń kó ilé, ẹ óò rí i. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ni wọ́n ti fi aṣọ wé látàárọ̀. Ìgbà tí dírẹ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ni ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí àwọn àga tó wà ní faràńdà. "Ẹ ju ìyẹn sókè jàre, kò sóhun tó máa ṣe é, ìta ló ń sùn tẹ́lẹ̀." Òótọ́ ni, ìta ló ń sùn. Oòrùn àti òjò ìta yẹn ló sì ti jẹ agbára rẹ̀ tán.

Ẹ wo àga oníke. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú oòrùn, ẹ fọwọ́ ra á lára. Bí ìyẹ̀fun funfun bíi ẹfun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ike yẹn ti gbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba ẹrù mọ́. Ẹ má gbé páálí ìwé lé e lórí, ká má tíì sọ jẹnẹrétọ̀. Ẹ nu yanrìn ara wọn kúrò kí ẹ tó tò wọ́n wọ inú ara wọn, kí ẹ sì fokùn dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ dáadáa, torí àga oníke ò wúwo rárá. Lórí Long Bridge, téèyàn bá ti kọjá Bẹ́gà tó ń lọ sí Ìbàdàn, ojú mi báyìí ni atẹ́gùn ṣe gbé méjì kúrò lórí ọkọ̀ tó wà níwájú wa. Ọ̀kan bọ́ sétí títì. Ìkejì bọ́ síwájú ọlọ́kadà kan. Orí ló kó ọkùnrin náà yọ.

Àga pankẹ́rẹ́ ló ń dùn mí jù. Mende, ní Maryland l'Ékòó, ni mo ti ra tèmi, lọ́wọ́ àwọn tó ń hun ún. Nínú oṣù Keje tí a ń kó lọ sí Ìbàdàn, òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń dá: mo fi ọ̀rá wé àwọn àga náà láti òkè délẹ̀, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa, kí òjò má baà tún kàn wọ́n. Mo gbàgbé pé omi ti wà nínú pankẹ́rẹ́ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a dé kí n tó ráyè tú wọn. Abẹ́ àga ti bu, ó ṣe dúdú tótòtó, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Ibi tí mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́, ó bó fáníìṣì ibẹ̀ lọ.

Ohun tó gbẹ ni a ń fi ọ̀rá wé. Bí àga bá tutù, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ ló yẹ ẹ́. Ó tiẹ̀ sàn kí ẹ gbé e wọlé ní bíi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí fáànù fẹ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fokùn dè é, ẹ kọ́kọ́ fi àkísà sáàárín, torí okùn tí a fà le máa ń ṣẹ́ pankẹ́rẹ́. Tìmùtìmù orí rẹ̀, ẹ kó o sínú àpò lọ́tọ̀, àwọn alábàárù ò ní ṣàì fà á bí ọwọ́ wọn bá ti bà á.

Ti àga onírin, àwọn kan á ní kí wẹ́dà wá kùn ún nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa kó, kó lè máa dán nílé tuntun. Ọ̀dà tí ò gbẹ yẹn, ara mátírẹ́ẹ̀sì ló máa ń parí sí. Bọ́ọ̀tì tó bá ti dípẹtà, ẹ ta kẹrosíìnì sí i lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ kí ẹ tó fi sípánà kàn án. Ẹ so àwọn bọ́ọ̀tì náà sínú ọ̀rá kékeré mọ́ ẹsẹ̀ àga tó ni wọ́n. Ẹ má sọ pé ẹ óò rántí.

Dígí orí tábìlì, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìdúró ni kó dúró láàárín mátírẹ́ẹ̀sì méjì. Ìdí agboòrùn ńlá tí a rọ omi sí, ẹ da omi rẹ̀ nù: lítà 20, kílò 20 ni yẹn.

Sílíńdà gáàsì tí a fi ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé ni mi ò lè fi ṣeré. Mo máa ń rí i tí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sínú búùtù, kó má baà ṣubú, wọ́n ní. Gáàsì inú rẹ̀, ó ń ṣàn bí omi ni. Bí sílíńdà bá dùbúlẹ̀, omi yẹn á wá sẹ́nu fáàfù, bí díẹ̀ bá sì jò, á wú ju igba ìlọ́po lọ. Ó tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń sá jọ sí. Ẹ ti fáàfù pa, ẹ yọ rẹgulétọ̀, ẹ gbé e nàró sẹ́yìn ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹ dè é. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ fa epo rẹ̀ tán.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohunkóhun, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Àwa ò wò. Bẹ́ǹṣì onípákó tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, alábàárù kan ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ilé agbọ́n ló bà. Ó ju bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ó sáré jáde ní géètì, a ò rí i mọ́ fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti wú pa dé. Owó rẹ̀ náà ti wú.