Ológbò tó ní àìsàn kíndìnrín àti ti ìfun: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nílé

Kíndìnrín ológbò tó ti lé lọ́dún 10 sábà máa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí àìsàn ìfun bá tún kún un, ìtọ́jú di ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, torí oògùn tó gba ọ̀kan lè pa èkejì lára. Aluminium hydroxide tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ kí phosphorus (èròjà inú oúnjẹ tí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kì í lè tì jáde dáadáa) má bàa wọ ẹ̀jẹ̀ lè fa àìrígbẹ́yà. Oògùn tó ń rọ ìgbẹ́, bó bá pọ̀ jù, á di ìgbẹ́ gbuuru, omi á gbẹ lára ológbò, kíndìnrín á sì bàjẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe yí ohun méjì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ yí ọ̀kan, ẹ wò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ará Ṣàgámù lè kọrí sí Abẹ́òkúta, ará Ìjẹ̀bú-Òde lè gba ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ ní kí wọ́n wo creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde), phosphorus, potassium, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí creatinine bá wà láàárín 1.6 sí 2.8 mg/dL, ìpele kejì àìsàn kíndìnrín ni, 2.9 sí 5.0, ìpele kẹta. Bó bá ju 5.0 lọ, ìpele kẹrin. Ilé àyẹ̀wò míì ń lo µmol/L, 140 níbẹ̀ sì ni 1.6 yẹn, kí ẹ má bàa bẹ̀rù lásán. Bí omi bá ti gbẹ lára ẹran náà nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, iye yẹn á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Oúnjẹ ló le jù. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ohun tí a bá jẹ kù ni ológbò ń jẹ: èbà, ìkọ́kọrẹ́, orí ẹja yíyan. Edé, ẹja gbígbẹ, iyọ̀ àti àlùbọ́sà ló wà nínú ìkọ́kọrẹ́ yẹn. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín tó ń ṣàìsàn ti ń dín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù tẹ́lẹ̀. Phosphorus sì pọ̀ nínú edé àti egungun ẹja. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá màmá tó máa ń ju ẹja fún un sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ohun míì lé wọn lọ́wọ́ tí wọ́n lè fún un, torí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Oúnjẹ inú agolo tí wọ́n ṣe fún ológbò oníkíndìnrín ló dára jù. Ẹ máa pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, torí ìfun tó ń ṣàìsàn kì í gba ìyípadà òjijì. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ se adìẹ tí kò ní egungun nínú omi púpọ̀, ẹ da omi náà nù torí phosphorus ti bá a jáde, kí ẹ fi funfun ẹyin sísè sí i. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, ata tàbí Maggi níbẹ̀. Oúnjẹ yìí kò pé fún un, ẹ má fi ṣe oúnjẹ oṣù méjì mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó jẹ sàn ju èyí tó yẹ kó jẹ lọ. Ológbò tí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan sí méjì, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì lè pa á kí kíndìnrín tó pa á. Bó bá lọ sídìí abọ́, tó gbóòórùn, tó ń lá ẹnu, tó wá yí padà, èébì ló ń gbé e, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ béèrè maropitant, oògùn tó ń dá èébì dúró, lọ́wọ́ dókítà ẹran, ẹ má fipá kì í lẹ́nu.

Dókítà lè ní kí ẹ máa fún un ní omi lábẹ́ awọ nílé. Ringer's lactate ni. Ẹ ka ara àpò náà dáadáa ní kẹ́míìsì, torí wọ́n lè gbé dextrose saline, omi oníyọ̀ tó ní ṣúgà, fún yín, dextrose kò sì yẹ lábẹ́ awọ. Ológbò oníkílò 4 sábà máa ń gba nǹkan bíi mìlílítà 100, àmọ́ dókítà ni yóò sọ iye àti ọjọ́.

Ẹ fi àpò sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín wò.
Ẹ gbé àpò kọ́ sókè, ẹ lo abẹ́rẹ́ tuntun tí nọ́ńbà ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 18G sí 21G.
Ẹ fi ìka fa awọ láàárín èjìká méjèèjì sókè bí àgọ́ kékeré, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ sí ìdí rẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀.
Bí irun bá ń tutù, abẹ́rẹ́ ti yọ sí òdì kejì awọ. Ẹ fà á padà díẹ̀.

Ibẹ̀ á wú, ó sì lè wọ́ sí ẹsẹ̀, á sì fà tán láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá fà, ẹ má fi kún un. Ẹ ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn: bó bá ti ń kọjá 30 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dá omi dúró, kí ẹ pe dókítà, torí ọkàn lè má gbé e.

Bí kò bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ méjì, lactulose, oògùn olómi tó ń rọ ìgbẹ́, mìlílítà 1 sí 2 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ológbò oníkílò 4. Ẹ dín in kù nígbà tí ìgbẹ́ bá rọ̀. Oògùn ìdí tó ní phosphate, tí èèyàn ń lò, ń pa ológbò. Ẹ má sì da epo pupa sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ìfun tó ń ṣàìsàn kì í gba fítámì B12 dáadáa. Abẹ́rẹ́ 250 microgram lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6, ló wọ́pọ̀. Bí ara ìgò oògùn náà bá kọ 1000 microgram nínú mìlílítà 1, mìlílítà 0.25 ni ẹ ó fà. Paracetamol, ibuprofen àti diclofenac: kò sí ìwọ̀n kankan tí ẹ lè fún un nílé.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà. Lára ológbò oníkílò 3, gíráàmù 100 tó dín kù kì í ṣe ohun kékeré. Bí ojú rẹ̀ bá ṣàdédé fọ́, tó bá ń sorí kọ́ tí kò lè gbé orí sókè, tàbí tó ń tiraka láti tọ̀ tí kò jáde, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìwé tí ẹ ń kọ gbogbo nǹkan sí.